Èédú Àǹtí Mọ́nsúrátù

Nígbà tí Rùkáyátù ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ rẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn adìyẹ kóra jọ sígun kan, ojú wọn dì pa, omi ń ṣàn níbẹ̀. Èyí tó gbé sókè ò mọ ibi tó dojú kọ.

Àǹtí Mọ́nsúrátù ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, obìnrin tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń jà lórí òórùn ìgbẹ́ adìyẹ tí Rùkáyátù ń kó jọ sẹ́yìnkùlé kó lè jẹrà di ajílẹ̀. Ló bá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlagbà náà, ó pè é ní olóró lójú gbogbo èèyàn, pé òun ló fún àwọn adìyẹ náà ní májèlé. Àǹtí kàn ń wọn èédú rẹ̀ lọ ni.

Dókítà ẹran, Akínọ̀ṣọ́, dé láti Àjáh. Kò tíì yẹ adìyẹ kan wò tán tí ojú tiẹ̀ náà fi ń ṣomi. Ó yíjú sí òkìtì ìgbẹ́ tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ náà.

"Màdáámù, ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní májèlé. Gáàsì tó ń jáde nínú ìgbẹ́ yìí ló ń jó wọn lójú."

Rùkáyátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ti ba èèyàn lórúkọ jẹ́," ló ń sọ, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé òkìtì náà jìnnà sí wọn. Kẹ́ ẹ gún èédú, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ọn dáadáa. Ó máa ń fa gáàsì náà mọ́ra."

Èédú kẹ̀? Kò sẹ́lòmíì tó ń tà á nítòsí.

Rùkáyátù padà lọ sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Mọ́nsúrátù. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tí Àǹtí fi wọ́ àpò èédú tó ti rún kan jáde.

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí o."

"Ẹ foríjì mí, mà."

Àǹtí wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, lẹ́yìn tí Rùkáyátù ti gbé òkìtì náà jìnnà, tó sì ti po èédú mọ́ ọn, ó lọ ká tapólì náà. Ó ti di ojú pa de títa gáàsì. Ooru fẹ́ sí i lójú, ṣùgbọ́n kò ta á. Ó fà á símú, ó tún fà á. Òórùn ilẹ̀ tó rin ló gbọ́. Ó dúró gbagidi, tapólì lọ́wọ́. Nínú ilé adìyẹ, ọ̀pọ̀ ti lajú. Àwọn kan ò ríran mọ́ títí dòní.

Àǹtí Mọ́nsúrátù yọjú látorí ọgbà. "Ṣé o ti kó ìgbẹ́ yẹn dànù ni? Mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́."

"Rárá, mà. Òun nìyí."