Òkèlè Tuntun Ọkọ Mi

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Fọláránmi ọkọ mi, iyán sì ni oúnjẹ rẹ̀. Láti ọdún tí a ti jọ ń gbé ní Ìlọrin, n kò rántí ọjọ́ ìsinmi kan tí odó kò dún nílé wa lẹ́yìn ìsìn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù, tí wọ́n ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣe ni ó káwọ́ lérí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Sadiya, ọmọbìnrin tó ń mójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn, ní kí ó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kí ó sì dín iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù gidigidi. Ó kọ gbogbo wọn, àti àwọn mìíràn bíi wọn, sí iwájú bébà kan fún wa.

"Kí ló wá kù tí mo máa jẹ, ọmọ mi? Ṣé omi?"

"Ó pọ̀, sà. Ẹ yí bébà yẹn padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Kò wò ó. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń bínú sí bébà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti pálọ̀.

"Ìyá Tẹniọlá! Ẹyin wà níbẹ̀! Ẹja wà níbẹ̀! Ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, gbogbo ẹ̀fọ́ pátá! Dìde, ọjà yá!"

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ti fi báírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tó lè jẹ. Nígbà tí a dé Ọjà Tuntun, òun ló ń ṣáájú, èmi ń sáré tẹ̀lé e. Ó gbé kùkúmbà, ó yí i síwá sẹ́yìn títí ẹni tó ń tà á fi ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fún un ní máàkì?"

Ó na ọwọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. "Èyí kì í sáà ṣe iṣu."

"Iwájú bébà ló wà, Bàbá Tẹniọlá."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí iná jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Binta, tó ń gbé wàrà wá láti Òkè-Oyì, ó tún yẹ bébà wò, ó sì fò sókè. "Wàrà wà níbẹ̀!"

"Ẹ rọra o, Baba," ni Binta wí, ẹ̀rín ń pa á. "Ẹ má jẹ gbogbo rẹ̀ lónìí."

Sadiya tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé a lè fi kábéèjì ṣe òkèlè. Èyí tí mo kọ́kọ́ rò ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ọkọ mi ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó da kábéèjì mìíràn tí mo ti lọ̀ sínú aṣọ funfun, ó fún omi rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Mo da ẹ̀gúsí lílọ̀ díẹ̀ sí i, mo rò ó lórí iná. Ó dì!

Ó bu òkèlè, ó fi kan ẹ̀fọ́ rírò, ó di ojú.

"Kì í ṣe iyán o," ó wí.

Mo ti ń na ọwọ́ láti gbé abọ́ náà kúrò.

"Ṣùgbọ́n òkèlè ni! Ìyá Tẹniọlá, òkèlè gidi ni!" Kó tó ṣanwọ́ ló ti ń pe Tẹniọlá ọmọ wa ní Àbújá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a padà sí ọsibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sadiya ka èsì àyẹ̀wò náà kó tó gbà á gbọ́: ṣúgà ti wálẹ̀ dáadáa. Ọkọ mi dìde, ó bọ gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́wọ́. Ìyá kan, Bàríkísù, ń sunkún níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ni.

"Ẹ nu ojú yín, ìyá," ni ọkọ mi wí, ó jókòó tì í. "Ṣé ẹ mọ kábéèjì?"

Ìyá náà fi gèlè nu ojú. "Mo mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n fi ṣe?"

Mo wá ibì kan jókòó sí. Mo mọ̀ pé a kò ní tètè délé.