Ajá Ilé Kẹtàdínlógún

“Ṣé ẹ ń sin ajá nílé, Mà?”

Ṣọlápé rò pé dókítà ojú náà kò gbọ́ ohun tí òun sọ ni. Ojú òsì ọmọ òun, tí ẹyin rẹ̀ ti ń funfun láti bí oṣù méjì, ni òun gbé wá. Òun kò sọ pé ajá bù ú jẹ. Ó gbé Ìṣọ́raolúwa, ọmọ ọdún mẹ́rin, lé itan dáadáa, ó sì dáhùn pé ajá kan wà ní àgbàlá àwọn ní Agbowó. Ti onílé ni, àmọ́ àwọn ayálégbé ló ń bá a gbé.

Dókítà náà kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní ẹyin aràn inú ajá ló wà nínú yanrìn tí ọmọ ń fọwọ́ kó, tó sì ń fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ẹyin náà pa nínú ikùn ọmọ, aràn inú rẹ̀ sì rìn títí ó fi dé ẹ̀yìn ẹyinjú. Ojú òsì kò ní ríran mọ́ láyé. Ká ní wọ́n ti ń fún ajá yẹn lóògùn aràn ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá má dé ibi tó dé yìí. Ó wá béèrè bóyá kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí.

Ẹnìkan ti yẹ ajá náà wò, kò padà wá sọ nǹkan kan. Ibi tó dun Ṣọlápé jù nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá ni Dókítà Adéróunmú, olùkọ́ yunifásítì tí Ṣọlápé ń fọṣọ fún ní Bódìjà, ní òun fẹ́ ṣèwádìí aràn inú àwọn ajá Agbowó. Ṣọlápé fúnra rẹ̀ ló mú un wọ àgbàlá wọn. Òun ló bẹ onílé tó ti fẹ́ lé àwọn olùwádìí náà, òun ló ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọ̀gá òun kì í purọ́. Yàrá mẹ́rìnlá, ṣáláńgá kan, kò sí omi ẹ̀rọ. Tanímọ̀la ni onílé sọ ajá náà. Ó fi orúkọ yẹn pòwe mọ́ àwọn ayálégbé, kò rántí pé ajá a máa jẹun. Orí àkìtàn lajá ti ń wá tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bá dókítà náà wá ń bi àwọn ìyá ọlọ́mọ léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níbo lajá ń sùn? Ṣé ó ń rìn kiri? Nígbà tó kan ìgbẹ́ ọmọ, Ṣọlápé rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìyá òun ti ń ṣe lòun náà ń ṣe: bí ọmọ bá ti ṣu tán, òun á pe ajá, ajá á lá ilẹ̀ mọ́, á sì lá ìdí ọmọ náà. Omi ò kúkú sí. Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fa ilà kan sórí ìwé rẹ̀, kò sì sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n kó ìgbẹ́ ajá sínú ike, wọ́n ṣèlérí èsì àti oògùn, wọ́n lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí Ṣọlápé béèrè, ọ̀gá rẹ̀ ní èsì ò tíì jáde.

Láti ilé ìwòsàn, Bódìjà ló gbà lọ tọmọtọmọ. Dókítà Adéróunmú gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wọ yàrá ìwé rẹ̀, ó mú fáìlì kan, ó ń fi ìka wá ilé wọn nínú rẹ̀.

“Ilé kẹtàdínlógún,” ó ní. “Ajá yín wà lára àwọn tí aràn pọ̀ nínú wọn jù.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀, Mà?”

“Ìyá Ìṣọ́ra, ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe ìtọ́jú.”

“Ìgbà wo ni, Mà?”

“Oṣù keje, ọdún tó kọjá.”

Ó ní àwọn tó fún òun lówó iṣẹ́ ń kánjú gba àbọ̀, òun sì rìnrìn àjò lọ ka èsì náà lókè òkun. Ó wà lọ́kàn òun láti padà wá. Ṣọlápé ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́. Ó ti rí páálí oògùn lórí pẹpẹ ìwé. Kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì ara rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ló ti ń mú oògùn tó ń dì sínú ẹran fún ajá méjì tí ọ̀gá rẹ̀ ń sìn nílé yìí, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

“Ṣé oògùn tẹ́ ẹ ṣèlérí fún wa nìyẹn, Mà?”

“Ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ sópin,” obìnrin náà fèsì. “Mi ò fẹ́ kó ṣòfò.”

Ṣọlápé gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀gá rẹ̀ tẹjú mọ́ ojú ọmọ náà, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ bóyá òun lè ya fọ́tò rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àwọn ò sì ní kọ orúkọ sí i. Ṣọlápé fi ìborùn bo orí ọmọ rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀sán gangan ló dé Agbowó, kò sì jókòó. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Yanrìn kan náà ni gbogbo ọmọ àgbàlá náà ń ṣeré nínú rẹ̀, òun ló sì ní kí àwọn ìyá wọn fọkàn balẹ̀. Ó ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ jáde sínú oòrùn. Á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, á bi ọmọ pé kí ló rí. Á bo ọ̀tún, á tún béèrè. Ọmọ mẹ́ta rí adìẹ, wọ́n rí aṣọ lórí okùn.

Ìkẹrin ni Luqman, ọmọ Latifah, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí Ṣọlápé bo ojú òsì rẹ̀, ọmọ náà ka gbogbo ohun tó wà nínú àgbàlá. Ó bo ọ̀tún. Ọmọ náà dákẹ́. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ìyá rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ Latifah lóṣòó síwájú rẹ̀ gan-an.

“Mọ́mì,” ó ní, “ẹ tan iná.”