Réluwéè Kékeré Tó Ń Lọ sí Bùkúrù

Orí àtẹ̀gùn Mápó ni Adéyẹ́misí ti bá bàbá rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan péré ni wọ́n wọ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Bẹẹrẹ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà, tó sì mọ̀ wọ́n, ló fi fóònù pè é nílé wọn ní Ìdí Arẹ́rẹ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Orúnkún ń dùn ún bó ṣe ń gun òkè náà.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Adéyẹ́misí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń dá tọ́jú Bàbá, Ezekiel Dáramọ́lá, tí wọ́n ti ń ṣarán. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ. Òun ti gbé e títí, kò gbọ́ ọfẹ ẹnì kankan. Ìdí nìyẹn tó fi gbà nígbà tí àbúrò rẹ̀, Ọmọ́tọ́lá, ní òun ti rí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan. Ọ̀sán yìí gan-an ló ń bọ̀ láti ìlú tó ń gbé wá gbé wọn lọ.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

“Réluwéè ò tíì dé.”

Ojoojúmọ́ ló máa ń bá wọn jiyàn pé réluwéè yẹn ti kú kí wọ́n tó fẹ́ ìyá òun. Lónìí, kò lókun àríyànjiyàn. Ó jókòó tì wọ́n, ó béèrè ibi tí réluwéè ọ̀hún ń lọ.

Ni ọ̀rọ̀ bá ń tú jáde. Wọ́n ní réluwéè kékeré ni, láti Sàríà lápá àríwá ló ti ń gun òkè lọ sí Bùkúrù, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ojú irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé èèyàn lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ ti ọ̀tún, kó fi ìkejì tẹ ti òsì. Bó bá ń gòkè, èrò á bọ́ sílẹ̀, wọn á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ló léwu, torí kùsà tó rù wúwo. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ bíi tàwọn, tí irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa, ló ń di bíréèkì ẹ̀yìn mú kó má baà já lọ. Nígbà tó yá, réluwéè ńlá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kàn pa iná ẹ́ńjìnì.

“Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé iṣẹ́ ti parí,” ni Bàbá wí. “Ó ti rẹ̀ mí, Adéyẹ́misí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jọ̀wọ́ bíréèkì, ta ni yóò dì í mú?”

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wo ọwọ́ wọn lórí itan: ó dì pinpin bíi tẹni tó di bíréèkì mú. Ó ti ń rò látọjọ́ yìí pé ilé òun ni wọ́n ń sá fún.

Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó. “Ẹ gbé e fún mi, Bàbá. Mo ti dì í mú.”

Wọ́n wò ó tìtì. Díẹ̀díẹ̀ ni ìka wọn tú. Wọ́n dìde, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Ọmọ́tọ́lá dé, Bàbá ti sùn fọnfọn. Adéyẹ́misí ní kó má jí wọn, àti pé wọn ò lọ síbì kankan mọ́. Ọmọ́tọ́lá ní ta ni yóò wá máa tọ́jú wọn.

“Gbé báàgì rẹ wọlé,” ló wí. “Ó ti rẹ̀ mí. Ìwọ ló kàn.”

Àbúrò rẹ̀ jáde lọ sídìí mọ́tò. Adéyẹ́misí gbọ́ tó ṣí búùtù. Ó ti nà sórí ẹní kó tó yé e pé, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun ò sọ fún Ọmọ́tọ́lá rí pé ó ti rẹ òun.