Ọwọ́ Tí Kò Dúró Jẹ́ẹ́

Ìyá ọmọ náà gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó gbé e sábẹ́ imú dókítà. Ọwọ́ ọ̀hún ń fò síbí, ó ń fò sọ́hùn-ún, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lómi.

"Ẹ wò ó, Dókítà. Pàṣán tíṣà yìí ló sọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dà báyìí. Ẹ bá mi kọ ọ́ síwèé, kí wọ́n lé e níṣẹ́."

Tíṣà jókòó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé itan. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, "ẹ káàárọ̀ mà" ni ìyá onídìrí yìí fi ń kí i. Lónìí, "ìwọ" ló délẹ̀. Kò burú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ń pè é ní Àǹtí Pàṣán lẹ́yìn, ó mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ohun tó ń kó o láyà sókè ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: bí dókítà bá fi lè kọ ọ́ pé ẹgba ló fà á, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́.

Àmọ́ òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ níí forí gbọgbẹ́. Ó kó ìwé ọmọ náà jáde nínú báàgì.

"Dókítà, kí n tó gbé pàṣán rárá ni ìkọ̀wé rẹ̀ ti bàjẹ́. Déètì wà níbẹ̀. Ọmọ yìí kàn ya ọ̀lẹ ni."

"Ọ̀lẹ? Ọmọ tí ìwọ fúnra rẹ fún lẹ́bùn ìkọ̀wé lọ́dún tó kọjá? Ojú ò tì ọ́."

Dókítà kò dá sí wọn. Ó ń ṣí ìwé. Lẹ́tà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó ṣí i síwájú, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í fò kúrò lórí ìlà. Nígbà tó yá, bíírò gún ìwé lu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni Tíṣà fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí: Jákujàku. Tún un kọ. Ẹgba mẹ́ta.

"Ǹjẹ́ ọ̀nà ọ̀fun dun ọmọ yìí rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Ó tó oṣù mẹ́ta," ìyá náà dáhùn. "Mo fún un lómi gbóná oníyọ̀, ó sì lọ."

"Oríkèé ńkọ́?"

"Lónìí orúnkún, lọ́la ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní irọ́ ni, pé kò fẹ́ fọ abọ́. Gbogbo abọ́ mi ló sì fọ́ tán, mo tún nà…"

Dókítà ní kí ọmọ náà di ìka òun mú kó má tú u sílẹ̀. Ó dì í, ó tú, ó dì í, ó tú. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Kì í ṣe ẹgba."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó bojú wo ìyá náà, inú rẹ̀ ń dùn, kò sì fi pa mọ́.

"Ibà làkúrègbé ni. Ọ̀nà ọ̀fun yẹn ló bí i. Ó ti dé oríkèé, ó ti dé ọpọlọ, òun ló ń ju ọwọ́ kiri. Ọwọ́ á dúró tó bá yá. Ọkàn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Á máa gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin nìyẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún." Dókítà ti ìwé náà padà sí Tíṣà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ fi ń rí i lójoojúmọ́, ẹ tún ń kọ déètì sí i. Ta ló tún yẹ kó rí i ṣáájú yín?"

Tíṣà ti ìwé náà bọ báàgì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́ mọ́, ó mọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ti kan lẹ́nu rẹ̀.

"Na ọwọ́ méjèèjì síwájú," ni dókítà wí fún ọmọ náà, "jẹ́ kí n tún un wò."

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lọ bá dókítà. Ó rìn tààrà wá síwájú Tíṣà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sì di ojú pinpin.

Tíṣà ń wo àtẹ́lẹwọ́ kékeré méjì tó ń gbọ̀n níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe nǹkan sí wọn, ó sì rí i pé òun kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń fi ọwọ́ ọmọdé ṣe.