Alhaji Ń Lọ Níwájú Mi Lábẹ́ Omi

Wọ́n ti ń lọ jù... àbí ojú mi ni? Omi máa ń mú nǹkan súnmọ́ ojú. Alhaji lè jìnnà sí mi ju bí mo ṣe ń rí wọn yìí lọ. Bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ wọn ń fì, ó rọra ń fì, bíi ti ẹni tó ń najú lẹ́yìn ìrun àsárì. Wọ́n ń lọ sísàlẹ̀. Èmi náà ń tẹ̀lé wọn.

Ọlọ́run mi, omi yìí dára. Ta ni yóò gbà mí gbọ́ ní Ìlobù tí mo bá sọ ọ́? Kòtò kúárì tí a pa tì, tí òjò ọdún dé ọdún rọ̀ kún, tí ìyá mi kì í jẹ́ kí n súnmọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré... ibí náà ni ìtànṣán oòrùn wá ń wọlé sí báyìí. Ìmọ́lẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri òkúta, ó pọ́n, ó di àwọ̀ ewé, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ó di àwọ̀ kan tí n kò lórúkọ fún. Igi ọ̀pẹ kan ṣì dúró lórí pèpéle òkúta, gbogbo imọ̀ rẹ̀ ti re, kò sì wó. Ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ ń yí i ká. Mo ti wọ ibí láìmọye ìgbà, àyà mi ṣì ń já. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, n kò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Afẹ́fẹ́ wọn ńkọ́? Ó ti yẹ kí n béèrè. Ó ti yẹ kí n béèrè kí a tó kọjá ọ̀pẹ yẹn.

Ẹni tó bá wọmi ló ń ṣọ́ géèjì ara rẹ̀, òun ló ń wo iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú sílíńdà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí Ọ̀gá Adéjọbí ṣe kọ́ mi nìyẹn. "Oníkálukú ló ń mí fún ara rẹ̀, Ọmọ́wùnmí." Òótọ́ ni. Alhaji kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ní káàdì ìwọmi, Jídà ni wọ́n ti gbà á, lọ́dọ̀ ọmọ wọn tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ti wọ abẹ́ Òkun Pupa kí n tó mọ ohun tí à ń pè ní géèjì. "Kí ló wà nínú kòtò Ìlobù tí n kò tíì rí nínú òkun?" ni wọ́n bi mí. Kòtò Ìlobù, lẹ́nu ọmọ Ìfọ́n bíi tiwọn... gbogbo Ìfọ́n ló mọ̀ pé kòtò Ìfọ́n ni. Wọ́n fi ń dá mi lára yá ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Adéjọbí kò parí ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀. "...amọ̀nà ló sì ń sọ pé ó tó." Tí afẹ́fẹ́ bá ti ku ìdajì, à ń padà. Amọ̀nà níwájú, àlejò lẹ́yìn.

Èmi ni amọ̀nà. Ta ló wà níwájú báyìí?

Ìdí ọ̀pẹ yẹn ni wọ́n ti kọjá lára mi. Mo yà fún wọn. Mo yà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń yà fún àgbàlagbà lójú ọ̀nà, n kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ara mi ló ṣe é. Ilé tí a ti tọ́ mi ló ṣe é... inú omi, Ọmọ́wùnmí, inú omi lo ti ń yà fún àgbà.

Àmì "dúró" wà, ó rọrùn. Kí n la àtẹ́lẹwọ́, kí n na ìka márààrún sí wọn lójú— Hẹ̀n. Ìka márùn-ún, lójú àgbà Ìfọ́n, láti ọwọ́ ọmọ Ìlobù. Lórí ilẹ̀, èébú ìyá nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ìlú méjèèjì ti ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ohun tó kéré sí èyí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi àmì yẹn hàn wọ́n létí omi, wọ́n ní, "Èyí, má na án sí mi o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀fẹ̀ ni, àbí?

Alhaja Munirah, ìyàwó wọn, kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Wọ́n di apá mi mú. "Ọwọ́ rẹ ni mo fi bàbá àwọn ọmọ mi sí o." Ọwọ́ mi. Wọn kò sọ pé ọwọ́ káàdì Jídà.

Alhaji bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n tún bojú wẹ̀yìn... Ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe èyí? Mo rò pé ògiri òkúta ni wọ́n ń wò. Rárá. Èmi ni. Wọ́n ń wò bóyá mò ń bọ̀. Mò ń bọ̀, wọ́n sì ń lọ. Nítorí pé mò ń bọ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ. Gbogbo títẹ̀lé tí mò ń tẹ̀lé wọn torí ọ̀wọ̀, wọ́n ń kà á sí pé kò séwu. Tí ewu bá wà, amọ̀nà ì bá ti dá àwọn dúró... ohun tí wọ́n ń rò nìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rò ni.

Mo tàpá. Mo kọjá lára wọn, mo yí padà, mo dojú kọ wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún. Ìka márààrún.

Wọ́n dúró.

Mo tọ́ka sí géèjì, wọ́n gbé e wá sí ojú mi. Ó ti lọ kọjá ìdajì. Kì í ṣe púpọ̀, yóò gbé wa dókè tí a bá rọra, ṣùgbọ́n ó ti kọjá. Mo na àtàǹpàkò sókè: ẹ jẹ́ ká gòkè. Mo sì ń retí ìbínú.

Kò sí ìbínú. Lẹ́yìn gíláàsì, ojú wọn là rangandan, wọn kò ṣẹ́jú. Ẹ̀rù ń ba Alhaji. Ó ti ń bà wọ́n tipẹ́, bóyá láti ìdí ọ̀pẹ, wọn kò sì mọ bí àgbà Ìfọ́n yóò ṣe ní kí ọmọdé Ìlobù mú òun padà. Ojú ń ti wọn, èmi ń bọ̀wọ̀, àwa méjèèjì sì ń rì lọ.

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó le. Òkè ṣì jìnnà, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ sórí wa bó ṣe ń ṣe látàárọ̀, omi náà tutù, ó gbòòrò, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn kò wo òkè. Ojú mi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń dúró de ohun tí mo máa ṣe. Nísàlẹ̀ yìí, èmi ni àgbà.