Ta Ni Àkànkẹ́ Inú Àwo Yìí?

Láti ìgbà tí Babáwálé ti gbé àwo orin jáàsì yẹn dé ilé wọn ní Fulshear ní Amẹ́ríkà ni ìjókòó ti di ọ̀ràn fún un. Bó bá fìdí kan àga, á dìde. Á fọ mọ́tò tí kò dọ̀tí. Á ní òun ń lọ sí mall, á kàn yípo lórí freeway, á padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún o, ó wá ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Inú oyún ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ wá kàwé ní Amẹ́ríkà, mọ́tò sì gbá bàbá náà pa kí wọ́n tó bí i. Kí ó tó kú, ó bá onílù dúdú kan lu agogo nínú àwo tí onílù ọ̀hún ṣe lọ́dún 1958, ó sì ké Yorùbá níparí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló wá ròyìn ẹ̀ fún Màmá, ìyá Babáwálé. Kò sóhun mìíràn tí ohùn ọkùnrin náà wà nínú ẹ̀ láyé. Màmá ti di arúgbó báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, ẹ̀bẹ̀ kan náà ló ń bẹ̀: kí òun tó lọ, kí òun tún gbọ́ ohùn ọkọ òun. Babáwálé wá àwo náà títí, ó rí i ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ládùúgbò Fondren, ayọ̀ pa á lẹ́kún.

Ó kọ́kọ́ dá gbọ́ ọ ná. Ìlù yẹn kì í jẹ́ kéèyàn mí, ṣe ló ń já lu ara ẹ̀ bí òjò orí páànù. Nígbà tó dákẹ́, ohùn ọkùnrin kan ké jáde: "Àkànkẹ́, dúró dè mí, mò ń bọ̀!"

Àbẹ̀ní ni oríkì Màmá. Ta wá ni Àkànkẹ́? Ojú ti Babáwálé, inú sì bí i burúkú. Obìnrin tí kò fẹ́ ọkọ mìíràn láti ìgbà náà, ṣé irú èyí ló yẹ kó gbọ́? Ó parọ́ fún Màmá pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo ti ṣẹ́, ó sì ń ṣépè fún Àkànkẹ́ lábẹ́ ètè. Fèyísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ní kó sọ òótọ́, Babáwálé kanra mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́jọ́ Sátidé, bó ti jáde báyìí, Fèyísọ́lá tí ọ̀rọ̀ náà ti sú gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ fún Màmá. Nígbà tó padà dé, ẹnu ọ̀nà ni Babáwálé ti gbọ́ ìlù. Ó sáré wọlé láti pa ẹ̀rọ náà, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohùn yẹn sì ké.

Babáwálé kúnlẹ̀. Ó ní kí Màmá má bínú, kí wọ́n gbàgbé obìnrin tí òun ti ń ṣépè fún yẹn, ó ti pẹ́.

Ẹ̀rín àti omijé jọ bọ́ lójú Màmá. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ òun fẹ́ wọkọ̀ òkun, ó gbé ọwọ́ lé òun níkùn, ó ní ọmọ obìnrin ló wà níbẹ̀, ó sì fún un ní oríkì lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà.

"Obìnrin wo? Ara ẹ lò ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí. Ìwọ ni Àkànkẹ́."

Fèyísọ́lá gbé abẹ́rẹ́ náà padà. Nígbà tí ohùn yẹn tún pe Àkànkẹ́, Babáwálé dáhùn pé, "Sà."