Fèrè Àárín Ìròyìn

Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìlẹ̀kùn ilé ìtọ̀ kí ó tó rántí pé kò sí ohun tó ń lé òun. Ó dúró. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ibi tí ọ̀dà ti bó lára ìlẹ̀kùn náà, níbi tí ọwọ́ èèyàn ń kàn jù, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ tòun ló bó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó wá rọra bá àpòòtọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí: "Kò tíì yá. Tó bá yá, èmi ni màá pè ọ́." Ó yí padà.

"Arìnrìn-àjò!" Ìyá Ẹ̀rọ ké sí i láti inú yàrá tí wọ́n ti ń darí ohùn. "O dé ẹnu ibodè, o tún ṣẹ́rí padà? Wọn ò fún ẹ ní físà ni?"

"Mo fagi lé ìrìn-àjò náà, mà."

Ìyá Ẹ̀rọ ló fún un lórúkọ yẹn. Òun ló ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde nílé iṣẹ́ rédíò náà, kò sì sí ẹni tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kì í rí. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni Arìnrìn-àjò. Ìròyìn ṣókí ṣókí ló ń kà láàárín ọ̀sán, bó bá sì ti kà á tán báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yá. Kò sí ìpàdé tí kì í dìde níbẹ̀. Láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, ó mọ gbogbo ibi tí èèyàn ti lè tọ̀: ilé epo, báńkì, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tí òun ti ń ra bọ́tìnì tí kò nílò kó lè rí ojú wọlé.

Òùngbẹ ló fi ń ṣe oògùn rẹ̀. Bó bá ti jí, omi ò tún ní kan ẹnu rẹ̀ títí tó fi máa padà sílé. Ṣùgbọ́n akàròyìn kì í jẹ́ kí ọ̀fun gbẹ, ìgbàgbọ́ gbogbo wọn níbẹ̀ sì ni pé tíì tó dúdú kirikiri ló ń la ohùn. Nítorí náà, ó ń sá fún omi, ó sì ń mu tíì, ife lórí ife. Bó ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ rẹ̀ ń pọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì ń lé e kiri sí i.

Nígbà tó fi máa gbà láti lọ rí dókítà, ó ti fi ọkàn sí i pé àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ṣúgà, kò sí àkóràn. Dókítà náà, obìnrin kan tó máa ń yọ bàtà lábẹ́ tábìlì, bi í bóyá ìtọ̀ ń jó o, bóyá ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, bóyá ó ń rù. Rárá ni gbogbo ìdáhùn.

"Kí lò ń mu?"

"Mi ò kí ń mu omi, mà. Tíì nìkan."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ gan-an lò ń na ẹṣin ní pàṣán, o tún ń bi í pé kí ló ń sá fún. Tíì máa ń lé ìtọ̀. Ìtọ̀ tó bá sì ki jù máa ń ta àpò rẹ̀ lára. Gbogbo 'jẹ́ kí n kúkú lọ tọ̀ ọ́ sílẹ̀' tí ò ń ṣe yẹn, ò ń fi kọ́ àpò náà kó máa pariwo kó tó kún ni." Ó ní kó fi tíì sílẹ̀, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Bí ìtọ̀ bá pè é, kó sún un síwájú díẹ̀. Bó bá ti mọ́ ọn lára, kó tún fi díẹ̀ kún un. Kó máa fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀, kó sì máa tú u sílẹ̀. "Má fi jẹ ara ẹ níyà o. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Tó bá wá ń jó ẹ, tàbí o rí ẹ̀jẹ̀, tètè sáré padà wá."

Ẹni tó bá gun òkè, a óò pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ní í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dúró lọ́dẹ̀dẹ̀, tó di ògiri mú, tó ń kọrin sínú títí ohun tó ń pè é fi dákẹ́? Àìmu tíì fọ́ ọ lórí. Lọ́jọ́ kan, ó pẹ́ jù, súwẹ́tà ló so mọ́ ìdí délé. Ó sunkún, ó fọ súwẹ́tà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi ṣe é, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Òní wá ni òun yóò ka ìròyìn alẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n Àgbà, tó ti ń kà á láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i, fẹ́ fẹ̀yìn tì. Bó bá kà á dáadáa, àga náà di tirẹ̀.

Ìròyìn alẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Nígbà náà, rédíò ṣì lọba nínú ilé. Wákàtí kan gbáko ni, ní àárín rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fun fèrè kan, fèrè nìkan, láìsí ohùn èèyàn. Àwa tí a ti jìnnà sílé ṣì máa ń gbọ́ ọ lọ́kàn nígbà mìíràn. Bàbá ọmọbìnrin yìí a gbé ọwọ́ sókè bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Bí fèrè bá dún, a sọ ọwọ́ kalẹ̀, a ní, "Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé." Ó máa ń sọ pé ohùn Ẹ̀gbọ́n Àgbà kì í ṣe ohùn ẹlẹ́ran ara.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá ètò pè wọ́n jọ. "Ayé ti yára," ó ní. "Láti alẹ́ òní, a ó yọ fèrè yẹn kúrò. Ìròyìn ni, látòkè délẹ̀." Ó yíjú sí Arìnrìn-àjò. "Ṣé wàá lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan?"

Àwọn akàròyìn méjì míì tó ń fẹ́ àga náà gbójú sókè. Ó wọn ara rẹ̀ wò. Ó ti lè mú un pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó wákàtí kan, pàápàá pẹ̀lú omi tí ohùn ń fẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òùngbẹ ló ń padà sí yẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àga lè lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Rárá, sà. Mi ò lè jókòó fún wákàtí kan láì lọ tọ̀. Tí mi ò bá sì mu omi, ohùn mi á ya. Tí fèrè bá wà níbẹ̀, màá kà á dáadáa. Tí kò bá sí, ẹ fún ẹlòmíràn."

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀gá ètò ń wo bíró ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé bíró náà ló sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù. "Ta ló sọ fún yín pé torí ẹwà la ṣe fi fèrè yẹn síbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n?" ọ̀gá ètò bi í.

"Mo kéré sí ọmọ yìí nígbà yẹn, ẹ má rò pé ogbó ni. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà, mi ò láyà tirẹ̀. Mo ní àwọn olùgbọ́ nílò ìsinmi. Gbogbo wọn ní ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí."

Ìyá Ẹ̀rọ ti dìde dúró. "Ẹ dúró ná. Gbogbo ìgbà tí mò ń fi fèrè yẹn síta, tí mò ń dijú, tí omi ń bọ́ lójú mi, ilé ìtọ̀ lẹ wà?"

"Mo ń gbọ́ ọ dáadáa níbẹ̀. Ògiri wọn ò nípọn."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀gá ètò kó ìwé rẹ̀ jọ. "Ẹ fi fèrè sílẹ̀," ó ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́, Arìnrìn-àjò gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ makirofóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Ohùn rẹ̀ ń lọ geere. Bó ṣe dé àárín, Ìyá Ẹ̀rọ gbé ìka sókè, fèrè sì wọlé. Ó dìde. Kò sáré.

Ìlẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ṣí kó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ló jáde, ó ń nu ọwọ́. Kò ka ohunkóhun lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó di ìlẹ̀kùn mú fún un bí ẹni ń gba àlejò pàtàkì wọlé.

"Má kánjú," ó ní. "Ibi tó dùn níbẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀."

Lóòótọ́, ògiri ò nípọn. Fèrè náà wọlé wá bá a, ó rọra ń gòkè, ó ń sọ̀. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ, kò sì gbọ́ ọ báyìí rí. Ó rántí ọwọ́ bàbá rẹ̀ lókè. Nínú pálọ̀ kan báyìí, ẹnì kan ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní kí ọ̀rọ̀ wọlé, ó sì ń dúró dè é.

Ó fọ ọwọ́. Ó padà sórí àga, ó bu omi mu, ó sì jẹ́ kí èémí ìkẹyìn fèrè náà tán pátápátá kó tó la ẹnu. Ohùn ẹlẹ́ran ara ni.